Ibo Ni Ẹ̀jẹ̀ Yóò Gbà Jáde? Ìtàn Rọ́bà Kan Láàrin Alárùn Kíndìnrín àti Alárùn Jẹjẹrẹ

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ìròyìn kan jáde láti Abùjá tí ó mú kí ọ̀pọ̀ ìdílé mí èémí ìtura díẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ kéde pé ní àwọn ilé ìwòsàn rẹ̀ kan, títí kan ti Ìdí-Àrábà ní Èkó àti UCH ní Ìbàdàn, owó fífọ ẹ̀jẹ̀ fún alárùn kíndìnrín yóò wálẹ̀ láti 50,000 náírà sí 12,000 náírà fún ìgbà kan. Owó ni gbogbo àríyànjiyàn tí ó tẹ̀lé e dá lé lórí, kò sì yani lẹ́nu, nítorí àìrówó ti pa ọ̀pọ̀ èèyàn kí àrùn gan-an tó ráyè pa wọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ owó yìí tí wọn kì í sábà sọ lórí rédíò. Kí ẹ̀rọ tó lè fọ ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ti inú ara jáde. Ibo ni yóò gbà jáde?

Ìbéèrè yìí kò kéré rárá. Ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀ a máa fa nǹkan bí ìgò míníràlì kékeré kan láàrin ìṣẹ́jú kan ṣoṣo, yóò fọ̀ ọ́, yóò sì dá a padà, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa ṣe fún wákàtí mẹ́rin, ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, títí ayé aláìsàn náà tàbí títí tí yóò fi rí kíndìnrín mìíràn gbà. Iṣan kékeré tí nọ́ọ̀sì fi ń gba ẹ̀jẹ̀ lápá kò lè gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá wá jẹ́ pé jẹjẹrẹ tún wà lára ẹni náà, tí oògùn líle ti jó iṣan rẹ̀, tí abẹ́rẹ́ àti rọ́bà ti gún un síhìn-ín sọ́hùn-ún, ìbéèrè náà yóò di ìlọ́po méjì. Ìtàn bí wọ́n ṣe ń wá ìdáhùn sí i ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí. Ìtàn náà sì fi hàn pé ilé ìtọ́jú kíndìnrín àti ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ ti ń yá ara wọn ní irinṣẹ́ tipẹ́tipẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í fi ìgbà gbogbo bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ìlú Kampen ní orílẹ̀-èdè Netherlands ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Jámánì ni wọ́n gba ilẹ̀ náà nígbà tí dókítà ọ̀dọ́ kan, Willem Kolff, kan ẹ̀rọ tí ó rí bí àgbá onígi. Awọ tín-ín-rín bí ọ̀rá, irú èyí tí àwọn alápatà fi ń wé sọ́séèjì, ni ó lọ́ mọ́ àgbá náà lára. Ẹ̀jẹ̀ ń gba inú awọ náà kọjá, àgbá ń yí nínú omi iyọ̀, ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ sì ń jò sínú omi. Ní ọdún 1943 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún obìnrin ẹni ọdún 29 kan tí kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́ pátápátá. Ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́. Ojú obìnrin náà là, ó tún ń bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní láti fi abẹ ṣí iṣan kan, èyí tí wọ́n bá sì ti lò kì í wúlò mọ́. Lẹ́yìn ìgbà 12, kò sí iṣan tí ó kù. Obìnrin náà kú, kì í ṣe nítorí pé ẹ̀rọ já a kulẹ̀. Ọ̀nà ni ó tán.

Ní ọdún 1945, ẹni kẹtàdínlógún tí Kolff tọ́jú, obìnrin ẹni ọdún 67, yè é. Kíndìnrín tirẹ̀ kàn dáṣẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ni, ó sì tún gbérasọ fúnra rẹ̀. Ìyàtọ̀ àárín àwọn obìnrin méjèèjì yìí ni ó pinnu ohun tí àwọn oníṣègùn fi ẹ̀rọ náà ṣe fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ó tẹ̀lé e: wọ́n ń fọ ẹ̀jẹ̀ ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ṣì lè padà bọ̀ sípò, wọ́n sì ń dá ẹni tí tirẹ̀ ti kú pátápátá padà sílé.

Ní ìlú Seattle, ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, ni nǹkan ti yí padà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1960, Dókítà Belding Scribner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fọ ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan tí wọ́n rò pé àìsàn rẹ̀ jẹ́ ti ìgbà díẹ̀. Ara ọkùnrin náà yá gágá. Nígbà tí àyẹ̀wò wá fi hàn pé kíndìnrín rẹ̀ kò ní padà sípò mọ́ láéláé, Scribner ní láti sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé kí ó máa mú un lọ sílé láti lọ kú. Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí dókítà yìí lè sùn. Ohun tí ó wá sí i lọ́kàn kò díjú: kí ni ìdí tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ máa yọ rọ́bà kúrò nínú iṣan ní gbogbo ìgbà? Bí wọ́n bá fi rọ́bà kan sínú iṣan àlọ, ìyẹn iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde láti inú ọkàn, tí wọ́n fi òmíràn sínú iṣan àbọ̀, tí ń dá a padà, tí wọ́n sì so orí àwọn méjèèjì pọ̀ lóde ara, ẹ̀jẹ̀ yóò máa ṣàn láìdúró, kò sì ní dì. Bí ó bá di ọjọ́ ìfọ̀, kí wọ́n tú u, kí wọ́n so ó mọ́ ẹ̀rọ.

Teflon ni wọ́n lò, ohun kan náà tí wọ́n fi ń kun inú páànù ìdínǹkan kí oúnjẹ má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀jẹ̀ kò fẹ́ràn láti lẹ̀ mọ́ Teflon. Wayne Quinton, tí ó ń ṣe ẹ̀rọ fún ilé ìwòsàn Yunifásítì Washington, ni ó wá ọgbọ́n bí wọ́n ṣe lè tẹ̀ ẹ́ kí ó bá apá ènìyàn mu. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta ọdún 1960, wọ́n fi ṣọ́ǹtì náà sí apá Clyde Shields, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ Boeing, ẹni ọdún 39. Ó gbé ayé fún ọdún mọ́kànlá sí i. Nǹkan tí a bá wò dáadáa, kì í ṣe ẹ̀rọ tuntun ni ó gba Shields là. Ẹ̀rọ ti wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí.

Bí ọ̀nà ṣe ṣí ni èrò pọ̀ jù. Nígbà tí wọ́n dá ibùdó ìfọ̀ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní Seattle ní ọdún 1962, ibùsùn kò ju ìwọ̀nba lọ. Àwọn dókítà kọ́kọ́ ń yan àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò tíì pé ọdún 45, tí ó sì jẹ́ pé kíndìnrín nìkan ni ó ń dà wọ́n láàmú. Lẹ́yìn náà, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ wọn, lára wọn àlùfáà, agbẹjọ́rò àti ìyàwó ilé, ni yóò pinnu ẹni tí yóò wọlé. Akọ̀ròyìn Shana Alexander kọ nípa wọn nínú ìwé ìròyìn Life ní ọdún náà, ariwo sì ta. Ariwo náà dá lórí ìgbìmọ̀: ta ni ó fi yín jẹ Ọlọ́run? Ìwọ̀nba èèyàn ni ó bèèrè nípa àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn kò tilẹ̀ dé iwájú ìgbìmọ̀. Ẹni tí jẹjẹrẹ wà lára rẹ̀ wà nínú irú àwọn yẹn. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin ní ọdún 1972 pé òun yóò san owó ìfọ̀ẹ̀jẹ̀, tí òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Keje ọdún 1973, ni ẹnu ọ̀nà tó ṣí fún àgbàlagbà, alátọ̀gbẹ àti alárùn jẹjẹrẹ.

Ní gbogbo àkókò yẹn, ṣọ́ǹtì náà ń fi àléébù rẹ̀ hàn. Ohun tí ó ti inú ara yọ sóde jẹ́ ẹnu ọ̀nà fún kòkòrò àrùn. Ó ń dí, ó ń yọ, bí ó bá sì tú lójijì, ẹ̀jẹ̀ yóò dà bí omi ẹ̀rọ.

Àdúgbò Bronx ní New York ni ìdáhùn tí ó dára jù ti wá, láti ilé ìwòsàn àwọn ológun tó ti fẹ̀yìntì. James Cimino ti fìgbà kan ṣiṣẹ́ gbígba ẹ̀jẹ̀ lápá àwọn èèyàn nígbà tí ó wà lẹ́nu ẹ̀kọ́, nítorí náà ó mọ iwà iṣan bí alágbẹ̀dẹ ṣe mọ ìwà irin. Àwọn oníṣègùn ti mọ̀ láti ayé àtijọ́ pé bí ọgbẹ́ bá ṣèèṣì so iṣan àlọ pọ̀ mọ́ iṣan àbọ̀, agbára ẹ̀jẹ̀ àlọ yóò wú iṣan àbọ̀ náà, yóò sì le. Àbùkù ni wọ́n ń pè é. Cimino àti Michael Brescia rò ó pé, bí wọ́n bá fọwọ́ ara wọn dá irú àbùkù yẹn sílẹ̀ ní ọrùn ọwọ́ ńkọ́? Kenneth Appel, oníṣẹ́-abẹ, ni ó rán iṣan méjèèjì pọ̀ ní oṣù Kejì ọdún 1965, wọ́n sì gbé àbọ̀ iṣẹ́ wọn jáde ní ọdún 1966. Kò sí ike, kò sí rọ́bà. Ẹran ara ènìyàn fúnra rẹ̀ ni. Èyí ni wọ́n ń pè ní fístúlà títí di òní, kò sì tíì sí ohun tí ó dára tó o fún ẹni tí yóò máa fọ ẹ̀jẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Kìkì pé ó nílò ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà mìíràn oṣù mélòó kan, kí ó tó gbó tó láti gba abẹ́rẹ́ ńlá.

Cimino kò lo ìyókù ayé rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ kíndìnrín. Ilé ìwòsàn Calvary ní Bronx kan náà ni ó lọ, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí jẹjẹrẹ wọn ti kọjá ìwòsàn, iṣẹ́ mímú ìrora kúrò lára wọn ni ó sì ṣe títí di ọjọ́ ogbó. Ẹni tí ó la ọ̀nà fún alárùn kíndìnrín ni ó tún jókòó ti alárùn jẹjẹrẹ.

Ní Seattle, rọ́bà náà ti ń rìnrìn àjò tirẹ̀. Henry Tenckhoff, tí ó ń fi omi fọ ara aláìsàn láti inú ikùn, ti rí i ní ọdún 1968 pé bí ó bá fi aṣọ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Dacron yí rọ́bà ká lábẹ́ awọ, ẹran ara yóò hù wọnú aṣọ náà, yóò dì í mú, yóò sì dínà fún kòkòrò. Ní ọdún 1973, John Broviac àti Scribner kan náà lo ọgbọ́n aṣọ yìí fún rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n gbà abẹ́ awọ àyà wọ inú iṣan ńlá tí ó wọ ọkàn, kí àwọn tí ìfun wọn kò ṣiṣẹ́ lè máa gba oúnjẹ láti inú ẹ̀jẹ̀. Ihò rọ́bà náà kò ju mìlímítà kan lọ.

Nínú ìlú yìí náà ni ibùdó ìwádìí jẹjẹrẹ Fred Hutchinson wà, níbi tí E. Donnall Thomas ti ń pa mùdùnmúdùn eegun àwọn alárùn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ run, tí ó sì ń fi ti ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀, iṣẹ́ tí ó gba ẹ̀bùn Nobel fún ní ọdún 1990. Irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ ń gba ẹ̀jẹ̀, oògùn àti oúnjẹ tọ̀sán-tòru fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Iṣan apá wọn kì í pẹ́ bàjẹ́. Robert Hickman ni ó bá wọn yanjú rẹ̀. Dókítà kíndìnrín àwọn ọmọdé sì ni. Ó mú rọ́bà Broviac, ó fẹ ihò rẹ̀ dé mìlímítà 1.6, kí wọ́n lè máa gba ẹ̀jẹ̀ jáde kí wọ́n sì máa fi oògùn wọlé láti ojú kan náà. Ní ọdún 1979 ni ó kọ̀wé nípa rẹ̀. Láti ìgbà náà ni orúkọ Hickman ti di orúkọ tí alárùn jẹjẹrẹ káàkiri ayé mọ̀, bí wọ́n tilẹ̀ lè má mọ̀ pé láti yàrá kíndìnrín ni ó ti wá bá wọn. Ọdún 1982 ni John Niederhuber àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá fi bí wọ́n ṣe gbé ohun gbogbo pamọ́ sábẹ́ awọ hàn: ìdérí kékeré kan lórí àyà tí abẹ́rẹ́ lè gún, láìsí rọ́bà tí ó rọ̀ sóde.

Rọ́bà náà tún padà sílé. Ní àwọn ọdún 1980, wọ́n mú ọgbọ́n Hickman, wọ́n sọ ihò rẹ̀ di méjì, wọ́n mú kí ó tóbi tó láti sin ẹ̀rọ ìfọ̀ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì fi sínú iṣan ọrùn àwọn tí kò lè dúró de fístúlà.

Ọ̀pọ̀ ìtàn ìṣègùn a máa parí síbẹ̀, pẹ̀lú àtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro tuntun ti bẹ̀rẹ̀. Láàrin àwọn ọdún 1980 kan náà, àwọn oníṣègùn ṣàkíyèsí pé rọ́bà tí wọ́n bá gbà abẹ́ egungun èjìká wọlé ń fi ojú àpá sílẹ̀ nínú iṣan ńlá. Ojú àpá náà ń fún iṣan pa díẹ̀díẹ̀. Aláìsàn lè má mọ̀ fún ọdún púpọ̀, àfi ọjọ́ tí wọ́n bá dá fístúlà sí apá ẹ̀gbẹ́ yẹn, tí apá náà sì wú tòò nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kò rí ọ̀nà padà. Ohun tí wọ́n ṣe láti gba alárùn jẹjẹrẹ là lónìí lè jẹ́ ohun tí yóò dínà mọ́ ọn bí kíndìnrín rẹ̀ bá dáṣẹ́ sílẹ̀ lọ́la.

Kíndìnrín alárùn jẹjẹrẹ sì rọrùn láti bàjẹ́. Jẹjẹrẹ mùdùnmúdùn eegun tí wọ́n ń pè ní myeloma a máa da ohun tí ó ń dí ọ̀nà inú kíndìnrín sínú ẹ̀jẹ̀. Cisplatin, oògùn alágbára tí wọ́n ti ń lò láti àwọn ọdún 1970, lè ba kíndìnrín jẹ́. Nínú jẹjẹrẹ Burkitt, tí ń mú àwọn ọmọdé ní ilẹ̀ Áfíríkà, oògùn lè ṣiṣẹ́ yára débi pé òkú jẹjẹrẹ náà yóò ya bo kíndìnrín mọ́lẹ̀ láàrin ọjọ́ díẹ̀. Jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ àti ti prostate a máa tẹ ọ̀nà ìtọ̀ mọ́lẹ̀ títí ìtọ̀ yóò fi padà sẹ́yìn. Irú eléyìí, bí wọ́n bá tètè la ọ̀nà fún ìtọ̀, ẹni náà lè má nílò ẹ̀rọ pẹ́ rárá.

Kí ni wọn yóò wá ṣe fún ẹni tí ó nílò rẹ̀? Obìnrin tí wọ́n ti gé kókó abẹ́ abíyá rẹ̀ nítorí jẹjẹrẹ ọyàn, àwọn dókítà a máa sá fún apá ẹ̀gbẹ́ yẹn nítorí wíwú. Apá kan ṣoṣo ni ó kù. Ẹni tí oògùn ti mú kí agbára ara rẹ̀ láti bá kòkòrò jà lọ sílẹ̀, rọ́bà tí ó yọ lọ́rùn rẹ̀ jẹ́ ewu ojoojúmọ́. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tètè dì mọ́, abẹ́rẹ́ ńlá jẹ́ ewu fún òun náà. Àwọn ẹbí a sì máa bèèrè ìdí tí wọn kò fi lo ìdérí orí àyà tí ó ti wà níbẹ̀. Ìdérí oògùn kò ní ihò tí ó lè gbé ẹ̀jẹ̀ tí ẹ̀rọ náà ń fẹ́. Ọ̀nà ikùn ti Tenckhoff kò fọwọ́ kan iṣan rárá, àmọ́ kò bá ẹni tí jẹjẹrẹ tàbí iṣẹ́ abẹ ti da inú ikùn rẹ̀ rú mu.

Ó pẹ́ kí òfin ìṣègùn tó gbà pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀kan náà fún gbogbo èèyàn. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 2003, ìpolongo tí ó gbilẹ̀ ni pé fístúlà ni ó yẹ kó ṣáájú, wọ́n sì ń ka iye rẹ̀ ní ibùdó kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka máàkì. Ó ṣe rere púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí jẹjẹrẹ rẹ̀ kò fún ní ju oṣù díẹ̀ lọ, kí ni èrè fístúlà tí yóò gbó lẹ́yìn oṣù mẹ́ta? Ìlànà tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 2019 ni ó wá yí ọ̀rọ̀ náà padà: kí wọ́n kọ́kọ́ wo ìrìn-àjò ayé aláìsàn náà lápapọ̀, ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń fẹ́, kí wọ́n tó yan ọ̀nà. Gígùn ni àkókò tí ó gbà wọ́n láti sọ ohun tí ó hàn gbangba bẹ́ẹ̀.

Ní Nàìjíríà, Ìdí-Àrábà ni fífọ ẹ̀jẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1981. Ọ̀pọ̀ aláìsàn níhìn-ín ni kì í dé ilé ìwòsàn àfi ìgbà tí ara bá ti wú, tí èémí sì ti ń ṣòro. Rọ́bà ìgbà díẹ̀ ni wọ́n máa ń fi sí wọn lọ́rùn tàbí lókè itan, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì ní fístúlà láé. Iye tí ìjọba kéde ní ọdún 2025 jẹ́ iye ìgbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fọ ẹ̀jẹ̀. Owó rọ́bà àti owó iṣẹ́ abẹ fístúlà jẹ́ ìbéèrè tí ó yẹ kí àwọn akọ̀ròyìn máa bi àwọn aláṣẹ léèrè.

Ọgbà ilé ìwòsàn Ìdí-Àrábà kan náà ni wọ́n ṣí ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ ńlá sí ní ọdún 2019, kò jìnnà sí ibi tí ẹ̀rọ ìfọ̀ẹ̀jẹ̀ wà. Ẹni tí àrùn méjèèjì bá bá yóò rìn láti ọ̀dọ̀ dókítà kan dé ọ̀dọ̀ èkejì. Ohun tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ ni pé kí wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ṣáájú abẹ́rẹ́ oògùn jẹjẹrẹ èyíkéyìí, pé apá báyìí ni wọ́n fẹ́ dá sí: kí nọ́ọ̀sì máa gba ẹ̀jẹ̀ ní ẹ̀yìn ọwọ́, kí wọ́n má gba inú apá náà fi rọ́bà gígùn wọlé, kí wọ́n má sì gba abẹ́ egungun èjìká ẹ̀gbẹ́ yẹn bí ọrùn bá ṣì wà.